Àléébù Ẹ̀rọ Àtijọ́ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wá

Ọmọ mi, ìwọ tó ní o fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ máa dún bí àwọn orin ẹ̀rọ tó jáde kí wọ́n tó bí ọ, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀. O ti gba ohùn tí àwọn ẹlòmíràn tò sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pọ̀ jántìrẹrẹ, orúkọ àwọn orin tí o fẹ́ràn sì wà lára wọn. Síbẹ̀, bí o bá tẹ̀ wọ́n, o ní kì í ṣe òun gan-an. Etí rẹ kò tàn ọ́. Nǹkan kan kù lóòótọ́, n kò sì rò pé owó ni yóò rà á.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú àkísà yẹn ni ohùn tí ò ń wá wà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe orin wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀rọ tó pé. Òmíràn nínú ẹ̀rọ wọn kò lè mú ju nọ́tì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Òmíràn kì í dúró pẹ́ lórí ohùn tí wọ́n bá yí i sí. Ọ̀pọ̀ kì í rántí nǹkan kan: bí o bá ti yí nọ́ọ̀bù kúrò níbi tó wà, ohùn àná ti lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn náà wá ọgbọ́n dá sí àìpé yìí, ọgbọ́n tí wọ́n dá ló sì di ohùn tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ẹ̀rọ tìrẹ lónìí kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Ó lè mú nọ́tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í yẹ̀, kì í gbàgbé. Ìdí rèé tí ohùn rẹ fi mọ́ jù. Bí o bá fẹ́ tún ohùn kan ṣe, má kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ náà lè ṣe. Béèrè ohun tí kò lè ṣe, kí o sì fi ìdènà kan náà sí tìrẹ.

Wo Wendy Carlos. Ní ọdún 1968 ni ó gbé àwo Switched-On Bach jáde. Orin Johann Sebastian Bach ló wà nínú rẹ̀, synthesizer (ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn) tí Robert Moog ń ṣe ní ìlú kékeré Trumansburg, ní ìpínlẹ̀ New York, ló sì fi kọ ọ́. Nọ́tì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń mú lẹ́ẹ̀kan. Orin Bach sì rèé, ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, ló máa ń lé ara wọn kiri nínú rẹ̀. Carlos ní láti tẹ ohùn kan, kó gbà á sórí téèpù, kó padà wá tẹ èkejì lé e, kó tún padà. Láàárín èyí, ẹ̀rọ náà á ti yẹ̀ kúrò lórí ohùn, á dúró, á tún un yí, á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekára ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ìyà yẹn bí: nítorí pé ohùn kọ̀ọ̀kan ń wá lọ́tọ̀, ó láàyè láti tún àwọ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, gbólóhùn sí gbólóhùn. Bí o bá wá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ ka iwájú, tí o fi ọwọ́ méjèèjì tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo, o lè ní gbogbo nọ́tì tí Bach kọ, kí o má sì ní ìkankan nínú iṣẹ́ tí Carlos ṣe. Pa á láṣẹ fún synthesizer rẹ pé nọ́tì kan ni kó máa mú. Gba ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Jẹ́ kí ó yẹ̀ díẹ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì, díẹ̀ bíńtín.

Àwọn kan tilẹ̀ ti ṣe é kí synthesizer tó dé ọjà rárá. Ní ọdún 1963, Delia Derbyshire, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka BBC kan ní London tí wọ́n ń pè ní Radiophonic Workshop, gba orin tí Ron Grainer kọ sílẹ̀ fún eré Doctor Who, ó sì sọ ọ́ di ìró tí ọ̀pọ̀ etí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Okùn kan tí wọ́n fi ìka ta, ariwo tí wọ́n sẹ́, àti ìró láti ara àwọn ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ iná fi ń yẹ nǹkan wò, ni ó lò. Ó gba ìró wọ̀nyí sórí téèpù, ó mú kí téèpù yára tàbí kó falẹ̀ kí ohùn lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, ó wá gé téèpù náà nọ́tì sí nọ́tì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ béèsì orin yẹn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí synthesizer. Kó ta okùn kan, kó gbà á sílẹ̀, kó gé e, kó fà á. Obìnrin yìí ṣe iṣẹ́ náà, fún ọdún púpọ̀ ni eré ọ̀hún sì ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá ń kọ́ ohùn rẹ̀, máa dárúkọ rẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí a wọ inú ẹ̀rọ. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ̀pọ̀ synthesizer àtijọ́ tí o gbọ́dọ̀ dá mọ̀ lójú títì. Oscillator ni orísun ohùn. Ìrísí tí iná ń gbà lọ sókè-sódò nínú rẹ̀ ló ń fún ohùn ní àwọ̀. Èyí tó rí bí eyín ayùn kún, ó sì mú. Onígun mẹ́rin dún bí ẹni pé ihò wà nínú rẹ̀. Sine rọ̀, kò ní nǹkan mìíràn lára ju ara rẹ̀ lọ. Fílítà ló ń sẹ́ ohùn náà. Èyí tí Moog ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lé lórí ní 1969, ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ohùn kọjá, ó sì ń dá òkè rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀bù cutoff ló ń sọ ibi tí ìdádúró ti bẹ̀rẹ̀, resonance ló ń mú kí ẹnu ibẹ̀ máa ké. Envelope ló wá ń sọ bí ohùn yóò ṣe rìn láti ìgbà tí ìka bá kan kíbọ́ọ̀dù títí tí yóò fi parẹ́. Attack ni bó ṣe yára dìde tó. Decay ni bó ṣe ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tó bá dókè. Sustain ni ibi tó dúró sí níwọ̀n ìgbà tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀. Release ni bó ṣe ń kú lọ lẹ́yìn tí ìka bá kúrò.

Minimoog tó jáde ní 1970 ní oscillator mẹ́ta, fílítà yẹn, àti envelope, nínú àpótí kan tí èèyàn lè gbé rìn. Àwọn ará ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk ní Düsseldorf wà lára àwọn tó lò ó fún àwo Autobahn ní 1974. Ọ̀pọ̀ ohùn tó ń yà ọ́ lẹ́nu kò ju nǹkan mẹ́ta yìí lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni etí. Kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù, wá ibi tí ohùn náà ti dá dún nínú orin, lo hẹ́dífóònù, kí o sì fi ẹnu rẹ sín in jẹ. Má tijú, kò sí ẹni tó ń wò ọ́. Ẹnu èèyàn gan-an jẹ́ fílítà: bí o bá fún ètè pọ̀, ohùn a ṣókùnkùn, bí o bá la ẹnu, a mọ́lẹ̀. Bí o bá sín ohùn kan tó jẹ́ pé ẹnu rẹ ń lọ láti "wù" sí "wáà", o ti mọ̀ pé fílítà ń ṣí, o sì ti mọ bó ṣe ń yára ṣí tó. Bí ẹnu rẹ bá pe "gbì" tó sì dákẹ́, o ti mọ̀ pé attack kò sí, sustain kò sí, decay ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ "ṣíì", ariwo ni, kì í ṣe nọ́tì. Bí ohùn kan bá ń gbọ̀n lára, tí ẹnu rẹ nìkan kò lè ṣe é àfi kí ẹnìkejì bá ọ dá sí i, oscillator méjì ni, wọ́n sì yí ọ̀kan kúrò díẹ̀ lára èkejì. Lẹ́yìn tí o bá ti sín in dáadáa ni kí o wá ṣí ẹ̀rọ rẹ, kí o pa gbogbo preset (ohùn tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀) tì, kí o bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn kan tó wà ní ìhòòhò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ibi tí wọ́n ti ń pè é ní init. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lórí preset, ohun tí ẹlòmíràn gbọ́ ló ń tún ṣe, kì í ṣe ohun tí òun gbọ́.

Mú I Feel Love, tí Donna Summer kọ ní 1977, láti fi dán ara rẹ wò. Munich ní Jámánì ni Giorgio Moroder àti Pete Bellotte ti ṣe é. Àwo tó wà nínú rẹ̀ ń rìn láti ìgbà àtijọ́ bọ̀ wá, orin yìí ni wọ́n fi parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìró ọjọ́ iwájú. Ẹ̀rọ Moog ńlá tí wọ́n lò kì í ṣe ti Moroder. Eberhard Schoener, olórin kan ní ìlú náà, ló ni ín, Robby Wedel tó mọ̀ ọ́n lò sì bá a wá. Wedel ló fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè fi àmì kan sórí téèpù kí ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà lé e lè máa tẹ̀ lé àmì náà, kí ọ̀kan má sáré ju èkejì lọ. Èyí ló jẹ́ kí orin náà dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ kì í dúró. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń gbà á kó tó yẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún un yí, wọ́n á máa bá a lọ.

Béèsì rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á to gbogbo nọ́tì tí wọ́n gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ohùn náà á sì dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìdajì nọ́tì wọ̀nyẹn ni Moog mú. Ìdajì yòókù jẹ́ gbohùngbohùn: wọ́n fi ẹ̀rọ dá nọ́tì kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀, kó lè tún dún ní àlàfo tó wà kí èyí tó kàn tó dé. Èyí tó jẹ́ nọ́tì gan-an wà ní etí kan, gbohùngbohùn rẹ̀ wà ní etí kejì. Nítorí náà ni orin náà fi ń fi orí rẹ lọ sọ́tùn-ún sósì láì sinmi. Ṣe tìrẹ báyìí: ohùn eléyín-ayùn, fílítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì, envelope tó ń ṣí fílítà náà kíá tó sì ń tì í kíá, sustain ní ìsàlẹ̀ pátápátá. To ìdajì nọ́tì. Fi delay, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn, ṣe ìyókù. Ohun mìíràn tí n kò fẹ́ kí o gbójú fò ni ìlù ńlá rẹ̀. Moog kò lè fún wọn ní ìlù tó wúwo tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ni Keith Forsey bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lu ìlù gidi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú orin tí gbogbo ayé ń pè ní orin ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń gbé e rìn. Ariwo "ṣíì" inú Moog ni wọ́n sẹ́ láti fi ṣe ìró àwọn ìlù kéékèèké tó kù.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọdé jù ni TB-303, nítorí pé ẹ̀rọ tó kùnà ni. Roland ní Japan ló ṣe é, Tadao Kikumoto ló wà nídìí rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló jáde. Èrò wọn ni pé onígìtá tó bá ń dá kọ́ṣẹ́ nílé yóò lò ó dípò ẹni tó ń ta béèsì. Kò dún bí gìtá béèsì rárá. Ó tún ṣòro láti tò: o kọ́kọ́ máa tẹ àwọn nọ́tì wọlé láìsí àkókò wọn, kí o tó wá padà tẹ àkókò wọn wọlé láìsí nọ́tì. Bí o bá ṣi ọ̀kan, orin mìíràn ni yóò jáde. Ní 1984 wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe nǹkan bí 10,000, àwọn tó rà á sì ń tà á ní tòkúnbọ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ọ̀pọ̀ yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ Chicago tí wọ́n ń pe ara wọn ní Phuture rí rà: DJ Pierre, Spanky àti Herb J. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà, wọn kò dá orin gidi kan sínú rẹ̀, wọ́n kàn jẹ́ kó máa yí, wọ́n sì ń yí nọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n gbà á sílẹ̀, Ron Hardy sì fi í sí i fún àwọn oníjó ní ilé ijó Music Box kó tó di àwo. DJ Pierre máa ń sọ ọ́ pé àwọn oníjó kọ́kọ́ kúrò lójú agbo, pé Hardy kò yéé fi í sí i lóru ọjọ́ náà, títí wọ́n fi ya wèrè lé e lórí. Ní 1987 ni ó jáde gẹ́gẹ́ bí Acid Tracks, ó gùn ju ìṣẹ́jú 10 lọ, irú orin kan sì gba orúkọ lára rẹ̀. Kí o má bàa rò pé Chicago nìkan ló ní ọgbọ́n, ní 1982 ni Charanjit Singh, olórin sinimá ní Mumbai, ti fi 303 kan náà àti ìlù ẹ̀rọ ta rágà ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kankan. Ẹ̀rọ náà kùnà nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an, àwọn ọ̀dọ́ Chicago yìí àti Singh sì gbọ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Bí o bá ń kọ́ ohùn rẹ̀, oscillator kan ṣoṣo ni kí o lò, eléyín-ayùn tàbí onígun mẹ́rin, má fi méjèèjì pọ̀. Gbé resonance sókè dáadáa. Fi cutoff sí ìsàlẹ̀, kí o jẹ́ kí envelope tó ní attack òdo àti decay nìkan máa ṣí i. Ìyẹn rọrùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń pàdánù ni accent àti slide, àwọn méjèèjì ló sì gbé ẹ̀mí sínú rẹ̀. Nọ́tì tó bá ní accent á ké sókè jù, fílítà rẹ̀ á ṣí jù, decay rẹ̀ á kúrú. Bí accent méjì mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn, fílítà á máa gòkè ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé iná tó kóra jọ nínú ẹ̀rọ fún accent àkọ́kọ́ kò tíì tán kí ìkejì tó dé. Slide ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nọ́tì tuntun. Ó ń wọ́ ohùn láti nọ́tì kan bọ́ sí èkejì láì tún envelope ṣí, àkókò tó sì fi ń wọ́ ọ kì í yí padà, ìbáà jẹ́ pé àlàfo àárín wọn gùn tàbí ó kúrú. Wá ibi tí o ti lè ṣètò èyí nínú ẹ̀rọ rẹ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré. Lẹ́yìn náà, to nọ́tì mẹ́rìndínlógún, jẹ́ kí wọ́n máa yí, kí o sì fi ọwọ́ rẹ yí cutoff láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin nígbà tí ò ń gbà á sílẹ̀. Má fi máòsì ya ìlà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tó ń gbọ́ ohun tí òun ń ṣe máa ń dúró níbi tí ó dùn, máòsì kò mọ ibẹ̀.

Roland kan náà ló ṣe ẹ̀rọ ìlù TR-808 ní 1980, òun náà kò ju 1983 lọ, nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe. Àwọn ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ìlù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlù gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀. 808 kò ní ìlù gidi kankan nínú. Iná ló fi ń dá gbogbo rẹ̀. Ikutaro Kakehashi, tó dá Roland sílẹ̀, sọ pé transistor tó ní àléébù, èyí tí ẹlòmíràn yóò dà nù, ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ rà nítorí ariwo tó ń ṣe, àti pé nígbà tí àwọn tó ń ṣe é tún ọ̀nà iṣẹ́ wọn ṣe, tí èyí tó bàjẹ́ kò wọ́pọ̀ mọ́, 808 parí nìyẹn. O rí i pé n kò kàn sọ ọ̀rọ̀ àléébù lásán. Ìlù ńlá rẹ̀ rọrùn láti tún ṣe: ohùn sine kan tó lọ sílẹ̀ gan-an, tí ohùn rẹ̀ ga díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú decay tí o lè fà gùn bó bá ṣe wù ọ́. Agogo rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin méjì, ọ̀kan wà ní nǹkan bí 540 Hz, èkejì ní 800. Má fi sípíkà kọ̀ǹpútà kékeré ṣe ìdájọ́ ìlù ńlá o. Ohun tí kò lè gbé jáde, o kò lè gbọ́ ọ, o ó sì máa fi kún un títí yóò fi bàjẹ́.

Ní ti DX7 tí Yamaha gbé jáde ní 1983, ọ̀nà mìíràn ni. John Chowning ti Yunifásítì Stanford ló ṣàwárí ìmọ̀ rẹ̀ ní 1967: ó mú kí ìró kan máa gbọn ìró kejì kíákíá títí gbígbọ̀n náà fi kúrò ní gbígbọ̀n, tó di àwọ̀ ohùn tuntun. Kò sí fílítà nínú rẹ̀. Ó ní orísun mẹ́fà fún nọ́tì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 32 sì wà láti so wọ́n pọ̀. Ó le láti tò, ọ̀pọ̀ olórin kò sì dán an wò, ohùn tí ó bá wọn dé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń lò. Ìdí nìyẹn tí o fi ń gbọ́ dùrù kan náà nínú orin ìfẹ́ tó pọ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Nínú orin wọ̀nyẹn nìkan ni mo gbà ọ́ láàyè láti lo preset, nítorí pé preset ni wọ́n lò.

Bí ó bá jẹ́ ohùn Vangelis nínú fíìmù Blade Runner, ti 1982, ni ọkàn rẹ fà sí, CS-80 ni, ẹ̀rọ Yamaha tó wúwo tó nǹkan bí 100 kìlógíráàmù. Oscillator méjì tí wọ́n yà díẹ̀ síra wọn, fílítà tó ń ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti àyè tó gbòòrò lẹ́yìn rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ wà ní ìka: lórí kíbọ́ọ̀dù náà, ìka kọ̀ọ̀kan lè tẹ nọ́tì tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i kí ohùn nọ́tì yẹn nìkan yí padà. Kíbọ́ọ̀dù tí o ní lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe é ní nọ́tì kọ̀ọ̀kan nígbà náà, bí Carlos ti ṣe.

O bi mí léèrè ohun tí o máa rà. Má tíì ra nǹkan kan. Surge XT, synthesizer orí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́. VCV Rack ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń so àwọn ẹ̀rọ Moog ńlá pọ̀ hàn ọ́ lójú. Dexed jẹ́ ọ̀fẹ́, ìṣe DX7 ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà tí o fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lè gbé wọn, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e nígbà tí iná bá lọ. Mú ọ̀kan, kí o dúró tì í títí o fi mọ ibi tí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà láì wojú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fẹ́ kí o gbà pé ohùn tí o kò tíì rí wà nínú àpótí tí o kò tíì rà. William Onyeabor jókòó sí Enugu, ó ṣe àwo rẹ̀ láàárín 1977 sí 1985, ó gbé e jáde fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ní. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Luaka Bop kó orin rẹ̀ jọ tún gbé jáde ní 2013, àwọn olórin mìíràn ló ń gbìyànjú láti ta orin rẹ̀.

Lẹ́yìn tí o bá ti tún ohùn kan ṣe tó fi jọ ti àtilẹ̀wá, má gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Afrika Bambaataa àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe Planet Rock ní New York ní 1982, ìlà orin Trans-Europe Express ti Kraftwerk ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún tẹ̀, wọ́n gbé e lé orí 808. Ohun tó jáde kì í ṣe ti Düsseldorf mọ́. Ọmọ New York ló ń jó sí i. Ṣùgbọ́n ìlà orin náà ní ẹni tó ni ín, wọ́n sì ní láti bá Kraftwerk yanjú rẹ̀. Fi èyí sọ́kàn: ohùn tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ jẹ́ tìrẹ láti lò, ìlà orin tí ẹlòmíràn dá kì í ṣe tìrẹ, ohun tí o gé láti inú àwo ẹlòmíràn sì gba àṣẹ.

Ní 2018, Tony Allen, ọmọ Èkó tó fi ìlù gbé Afrobeat dìde, jókòó pẹ̀lú Jeff Mills ti Detroit, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlù ẹ̀rọ TR-909, wọ́n ṣe Tomorrow Comes the Harvest pọ̀. Gbọ́ ọ dáadáa. Mills kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ sọ Allen di ẹrú àkókò, Allen náà kò díbọ́n pé òun jẹ́ ẹ̀rọ. Kọ́ apá ti Mills lára rẹ̀ bí o ti kọ́ àwọn ìyókù, kí o wá wò bóyá o lè rí onílù gidi kan ní àdúgbò rẹ tí yóò bá ọ ta á.

Ohun kan ṣì kù. Prophet-5, synthesizer tí Dave Smith ṣe ní 1978, lè pa ohùn 40 mọ́, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan ńlá lójú àwọn olórin ìgbà náà, nítorí pé lórí Minimoog ìwé ni wọ́n fi ń ya àwòrán nọ́ọ̀bù, wọ́n á fi bíírò sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ṣe bíi tiwọn: ra ìwé kíkọ kan. Ya nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ rẹ síbẹ̀, kọ orúkọ orin, kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ohùn náà ti dá dún, kọ ohun tí ẹnu rẹ sín, kọ ibi tí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dúró sí, kí o sì kọ ohun tí kò tíì jọra sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ti kún ojú ewé mélòó kan, mú un wá kí a jọ gbọ́ ọ.